Bàbá Tí Mo Fi Rárà Fún Bùráímọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, mo kí yín o. Onírárà ni mí. Mo ti dàgbà báyìí, eyín mi méjì ti yọ níwájú, ṣùgbọ́n ohùn mi kò yọ. Bí mo bá gbé e sókè ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú lónìí, ẹni tó ń kọjá lọ sí Ọjà'ba á dúró gbọ́ ná. Mi ò purọ́. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó bá ti pẹ́ díẹ̀ nílùú yìí.

Ohun tí mo fẹ́ sọ, mo ti gbé e mọ́ra pẹ́. Mi ò jalè. Mi ò pa ẹnikẹ́ni. Rárà ni mo fi ṣẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá gbọ́ ọ tán, ẹ ó rí i pé ẹrù tó wúwo ni, ó sì ti ń bọ́ lórí mi. Òde kan wà níwájú mi tí mi ò lè lọ, tí mi ò sì lè ṣàìlọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi lanu báyìí.

Èmi kò mọ̀wé. Tíṣà kan tó ń gbé ilé wa, ọmọ ìjọ ni, ló ń bá mi kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Orúkọ àwọn tí n ó dárúkọ, mo ti pa gbogbo wọn dà. Tèmi nìkan ni mi ò pa dà, nítorí mi ò ní dárúkọ ara mi rárá.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe, torí mo mọ̀ pé nínú yín, dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni àwọn mìíràn mọ̀. Rárà kì í ṣe orin ijó. Ẹni tó bá fẹ́ ṣí ilé, tàbí tó fẹ́ sin àgbà, tàbí tó fẹ́ jẹ oyè, ló ń wá gbà wá. A ó dìde láàárín èrò, a ó sọ ẹni tó bí onílé, ẹni tó bí bàbá rẹ̀, ibi tí wọ́n ti ṣí wá, ogun tí wọ́n jà àti èyí tó jà wọ́n. Ohùn àtijọ́ ni, bí ìyá ìyá mi ṣe gbé e ni èmi náà ṣe gbé e. Àwọn ẹlòmíràn máa ń mú onílù dání, kí ìlù lè bá wọn bo ibi tí wọ́n bá ti gbàgbé. Èmi kì í mú ẹnikẹ́ni. Èmi, ohùn mi àti ìborùn mi, ó tán.

Onírárà gidi kì í ṣàdédé lọ sí òde. Ó gbọ́dọ̀ ti lọ sọ́dọ̀ àgbà obìnrin inú ilé náà ṣáájú, kó jókòó tì í, kó bèèrè ta ló bí ta, ta ló fẹ́ ta, ta ló kú tí wọn kò fẹ́ kí wọ́n dárúkọ rẹ̀. Ìyá ìyá mi a máa sọ pé ẹni tí kò bèèrè tán kò gbọdọ̀ lanu. Mo mọ òfin yìí dáadáa. Èmi fúnra mi ni mo fi ń kọ́ àwọn mìíràn.

Ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí rélùwéè ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fa ẹrù lọ sí apá Òṣogbo. Bùráímọ̀ jẹ́ aláṣọ ní Bẹ́ẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Ó ti lówó. Ó ti kọ́lé olókè kan, ó fi páànù bò ó, lásìkò tí ewé àti koríko ṣì wà lórí ọ̀pọ̀ ilé wa. Ó wá bá mi nílé ní àárọ̀ ọjọ́ kan.

Ó ní, "Ìyá Olóhùn, mo ti kọ́lé tán. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi ṣí i."

Mo ní, "Ẹ kú orí ire o, Bàbá Sàlámọ̀tù. Ilé á tura. Ta ni kí n lọ bá nínú ilé yín tí yóò sọ oríkì yín fún mi?"

Ọkùnrin gìrìpá náà wolẹ̀. Ó ní, "Kò sí ẹnikẹ́ni, ìyá. Ogun ló kó mi wá síbí. Mo kéré gan-an nígbà náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá bàbá mi."

Ó ṣe mí láàánú. Jagunjagun tó kó o wálé tọ́ ọ dáadáa, ó gbéyàwó fún un, ó sì sọ ọ́ dòmìnira kó tó kú. Síbẹ̀, bí ìjà ọjà bá ti dé, ohun tí wọ́n ń sọ sí i lójú ni pé, "Ìwọ wo? Ilé ta lo ti jáde?" Ó wá fi kún un pé Sàlámọ̀tù, àkọ́bí òun, ti ní ọkọ lọ́nà, àwọn àna sì ń rọra bèèrè ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀. Bí àwọn olóyè bá wá jókòó sí ìloro òun lọ́jọ́ ìṣílé, tí èmi sì ń kì aṣọ àti páànù nìkan láìpe orúkọ bàbá kankan, a jẹ́ pé ìtìjú ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ yẹn.

Mo bi í léèrè ohun tó rántí. Kò ju gbólóhùn kan lọ. Ó ní bí ìyá òun bá ń jí òun láàárọ̀, a máa pe òun ní "ọmọ ọlọ́nà gbọọrọ". Oríkì Àjàní tí gbogbo ayé fi ń pè é, àwọn ìyàwó jagunjagun ló fún un. Mo wo ojú rẹ̀. Ilà mẹ́ta gbọọrọ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan, irú èyí tó pọ̀ káàkiri.

Ohun tó yẹ kí n sọ ni pé n ó gbìyànjú. Ohun tí mo sọ ni pé, "Ẹ máa lọ wá ohun tí àlejò yóò jẹ. Kò sí ọmọ káàárọ̀-oò-jíire tí mi ò lè kì."

Mo wá a, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́. Mo lọ bá àwọn ìyá arúgbó ní Ọjà'ba. Mo lọ bá àwọn ará Ọ̀yọ́ tó ń kó ẹrù wá. Mo jókòó ti afọ́jú kan ní Òkè Màpó tó mọ oríkì ìlú tí ogun ti parẹ́. Kò sí ẹni tó gbọ́ "ọlọ́nà gbọọrọ" rí. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ kan nípa àwa ará ibí. Bí a kò bá mọ oríkì ènìyàn, ohun tí a máa ń rò ni pé kò ní oríkì. Kò wá sí mi lọ́kàn láti bi ará Èkìtì kan léèrè. Mo rò pé kí ni wọ́n fẹ́ mọ̀?

Ọjọ́ ìṣílé ń sún mọ́lé. Onírárà ọkùnrin kan wà ní Bẹyẹrúnkà tó ti gbọ́ pé mò ń bèèrè káàkiri. Ó ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé, "Ó ti tì í! Obìnrin ló fẹ́ ṣe iṣẹ́ ọkùnrin." Wọ́n wá sọ ọ́ fún mi. Ara mi gbóná. Èmi? Èmi tí mo kì olóyè kan títí tó fi bọ́ ẹ̀wù ọrùn rẹ̀ fún mi? Mo búra pé ẹni yẹn ò ní rí mi fi rẹ́rìn-ín.

Ìdílé kan wà ní Àrẹ̀mọ tí mo ti kì lẹ́ẹ̀mejì rí. Mi ò ní kọ oríkì wọn síbí, torí bí mo bá kọ ọ́, ẹ ó mọ̀ wọ́n. Àgbà obìnrin ilé náà ti sọ ìtàn kan fún mi rí, ó sì ń sunkún bó ṣe ń sọ ọ́. Ó ní nígbà tí ogun fọ́ ìlú wọn, àbúrò òun kékeré já sọnù lọ́wọ́ òun nínú igbó. Àjàní lorúkọ rẹ̀. Wọn kò rí i mọ́ títí dòní. Ẹ̀yin náà mọ bí Àjàní ṣe pọ̀ tó láyé.

Mo mú ìtàn náà. Ẹ ò rí i, mo ti sọ ọ́ báyìí. Mo mú oríkì ilé Àrẹ̀mọ, mo mú Àjàní tó sọnù, mo fi ọlọ́nà gbọọrọ sí i lórí, mo so wọ́n pọ̀. Mo ní rárà lásán ni, inú Bùráímọ̀ á dùn, ojú mi ò ní tì mí, kálukú á sì lọ sílé rẹ̀. Mi ò bi Bùráímọ̀ léèrè ilé tí àwọn àna rẹ̀ ti wá. Ìbéèrè kékeré tí ìyá ìyá mi fi ń nà mí nìyẹn, mi ò sì bèèrè rẹ̀.

Ẹ wo ọjọ́ náà! Bẹ́ẹ̀rẹ̀ kún. Àwọn olóyè wà lórí àpótí, àwọn ààfáà wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, àwọn àna wà ní òdìkejì. Mo rí àgbà obìnrin Àrẹ̀mọ yẹn láàárín wọn. Mo rò pé ó wá gbọ́ ohùn mi ni. Mo ju ìborùn sí èjìká. Mo ní:

"Àjàní, ọmọ ọlọ́nà gbọọrọ,
Ogun gbé ọ nílé, kò gbé ilé nínú rẹ.
Wọ́n ní o sọnù, àṣé o lọ kọ́lé dè wọ́n.
Òjò ń rọ̀, páànù ń kì ọ́ kí èmi tó dé.
Bàbá tó bí ọ kò kú láìlọ́mọ,
Ọmọ rẹ̀ rè é, ó jókòó, olóyè ń bẹ̀ ẹ́ wò."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn: ṣé kò dára ni? Èmi ni mo ro ó, láti inú orí ara mi. Títí di òní, àwọn ọmọdé Bẹ́ẹ̀rẹ̀ ń pe òjò orí páànù ní akígbe Àjàní. Mo mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni, ṣùgbọ́n mi ò lè purọ́ pé kò dùn.

Lẹ́yìn èyí ni mo wọ inú oríkì ilé Àrẹ̀mọ. Mi ò tíì pe bàbá kejì tán tí àgbà obìnrin yẹn fi pariwo. Ó dìde, gèlè rẹ̀ já bọ́. Ó ní, "Àjàní! Àbúrò mi! Ẹ gbà mí o, àbúrò mi rè é!" Ó sáré já àárín èrò, ó di mọ́ Bùráímọ̀ lọ́rùn. Bùráímọ̀ bú sẹ́kún bí ọmọdé. Àwọn olóyè ń nu ojú. Ààfáà àgbà ń sọ pé Ọlọ́run tóbi.

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti dúró. Mo rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀, mi ò ya wèrè. Mo tún gbé ohùn sókè sí i. Mo kì àwọn méjèèjì pa pọ̀. Ohùn mi kò dùn tó bẹ́ẹ̀ rí, kò sì tún dùn bẹ́ẹ̀ mọ́ látìgbà náà. Aṣọ tí wọ́n dà bò mí lọ́jọ́ náà, agbára káká ni mo fi rìn délé.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò yọ̀. Sàlámọ̀tù dúró ní ẹnu ọ̀nà, ó ń wo ọmọkùnrin ahunṣọ kan tó wà láàárín àwọn àna. Ràímì lorúkọ rẹ̀. Òun ló fẹ́ fẹ́ ẹ. Ọmọ àbúrò ọkùnrin mìíràn tí àgbà obìnrin Àrẹ̀mọ ní ni. Ẹ ti rí i? Bàbá tí mo wá fún Bùráímọ̀ nítorí ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, bàbá àwọn àna náà ni. Lọ́rọ̀ kan, mo sọ Ràímì di ẹ̀gbọ́n Sàlámọ̀tù.

Kò pẹ́ tí àwọn àgbà ilé méjèèjì fi jókòó. Àwọn ààfáà kan sọ pé ẹ̀sìn kò kọ̀ ọ́. Àwọn àgbà ní ilé kọ̀ ọ́, pé ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò, ẹ̀jẹ̀ kan ni. Wọ́n fi ẹ̀rín tú ìgbéyàwó náà ká, torí ayọ̀ ni wọ́n ka gbogbo rẹ̀ sí. Wọ́n ní, "Ẹ ò rí i bí Ọlọ́run ṣe yọ wá!" Wọ́n fi Sàlámọ̀tù fún oníṣòwò kan ní Òṣogbo. Ràímì, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n, ló ru ẹrù rẹ̀ lọ sí ibùdókọ̀ rélùwéè. Mo wà níbẹ̀, èmi ni mo kì ìyàwó. Nígbà tí ọkọ̀ ṣí, Ràímì dúró síbẹ̀ pẹ̀lú òṣùká lórí. Kò rántí bọ́ ọ sílẹ̀.

Mo tu ara mi nínú. Mo ní ta ló mọ̀, ó lè jẹ́ òótọ́. Ó lè jẹ́ Bùráímọ̀ gan-an ni Àjàní tó sọnù. Mo fi ìyẹn sùn fún ìgbà díẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ibi tó le jù ni mo dé yìí. Kí ẹ má tíì bú mi.

Obìnrin kan tó ń ta ẹní wá láti apá Èkìtì sí Ọjà'ba. Ó gbọ́ tí àwọn ọmọdé ń fi rárà mi ṣeré. Ó bèèrè ẹni tó ni ín, wọ́n mú un wá sílé mi. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ìyá, ta ló sọ oríkì ilé bàbá mi fún yín? Ilé wa ni wọ́n ń pè ní ọlọ́nà gbọọrọ. Ogun kó ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lọ. Ìyá mi ṣì ń bẹ láyé, oríkì yẹn ló fi ń jí lójoojúmọ́."

Mo wo ojú rẹ̀. Ilà mẹ́ta gbọọrọ. Imú Bùráímọ̀ ló wà lójú rẹ̀, ètè Bùráímọ̀ ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Láti ilé mi sí Bẹ́ẹ̀rẹ̀ kò jìnnà. Mo lè pe ẹnì kan kó mú un lọ. Sàlámọ̀tù ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé ọkọ ni nígbà náà, kò tíì lóyún. Gbogbo nǹkan ṣì ṣeé tún ṣe.

Mo ronú kan onírárà Bẹyẹrúnkà. Mo ronú kan àwọn olóyè tó ń ránṣẹ́ sí mi láti gbogbo ìlú. Wọ́n ti ń sọ pé èmi ni mo fi ohùn wá ọmọ tó sọnù rí. Mo ní, "Ẹni tó sọ ọ́ fún mi ti kú."

Obìnrin náà gbà pé ẹ̀gbọ́n òun ni mò ń sọ; ó sunkún, ó sunkún. Nígbà tó dákẹ́, ó fa ẹní kan yọ nínú ẹrù rẹ̀, èyí tó dára jù. Ó ní kí n bá òun tẹ́ ẹ sórí ibi tí wọ́n sin ẹ̀gbọ́n òun sí, kí ìyá wọn lè mọ̀ pé àwọn ṣe nǹkan kan fún un. Mo gbà á. Mo dúpẹ́. Mo sùn lórí ẹní náà títí ó fi gbó.

Èyí ni ẹ̀ṣẹ̀ mi. Ti àkọ́kọ́, mo lè sọ pé ìgbéraga ni. Ti èkejì yìí, mi ò mọ orúkọ tí n ó pè é.

Ó ti pẹ́ o. Àgbà obìnrin Àrẹ̀mọ ti kú, ọwọ́ Bùráímọ̀ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó ń kú lọ. Bùráímọ̀ ti di arúgbó. Ìyàwó tí Ràímì padà fẹ́ ti kú. Ọkọ Sàlámọ̀tù náà kú, Sàlámọ̀tù sì ti padà wá sílé bàbá rẹ̀ ní Bẹ́ẹ̀rẹ̀, ó ń ta òwú. Ràímì ló ń ra òwú ọ̀hún. Òun ló tún òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ṣe. Àwọn aládùúgbò a máa wí pé, "Ẹ wo bí ẹ̀gbọ́n ṣe ń tọ́jú àbúrò rẹ̀!" Bí mo bá gbọ́ ọ, màá yí ojú sí ibòmíràn. Ẹni tó bá fẹ́ràn ènìyàn, ojú rẹ̀ kì í pamọ́, èmi sì ni alákíyèsí ojú.

Mi ò lè fara dà á mọ́. Mo ránṣẹ́ pe Sàlámọ̀tù lẹ́yìn ìrun àsárì, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo kúnlẹ̀ fún un, èmi tí mo lè bí i lọ́mọ. Mo retí pé yóò lù mí. Mo fẹ́ kó lù mí.

Kò sunkún. Ó bèèrè pé, "Ìyá bàbá mi ńkọ́?"

Mo ní, "Yóò ti kú."

Ó ní, "Ẹ má sọ fún bàbá mi. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Mo ní, "Sàlámọ̀tù, ìwọ àti Ràímì ò bára yín tan. Ọkọ rẹ ni! Ẹ ṣì lè..."

Ó ní, "Mo gbọ́, màmá. Bàbá mi máa ń kó àwọn ọmọ mi jọ nírọ̀lẹ́, á máa ka orúkọ àwọn bàbá rẹ̀ fún wọn, láti orí Àrẹ̀mọ dé ìlú tó fọ́. Bí ara bá ń ro ó, òun fúnra rẹ̀ ló ń fi rárà yín kì ara rẹ̀. Bí ẹ bá gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀, kí lẹ ó fi rọ́pò?"

Mo ní, "Èyí tó jẹ́ tirẹ̀ gan-an."

Ó wò mí. Ó ní, "Gbólóhùn kan ṣoṣo lẹ mọ̀ nínú rẹ̀."

Háà! Láti ọjọ́ tí mo ti ń kì ènìyàn, kò sí ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ sí mi tó dùn mí tó báyẹn. Òótọ́ sì ni. Mi ò mọ ohun tó kàn lẹ́yìn ọlọ́nà gbọọrọ. Obìnrin ẹlẹ́ní yẹn mọ gbogbo rẹ̀, mo sì lé e lọ. Sàlámọ̀tù dìde, ó so gèlè rẹ̀, ó dágbére fún mi bí ọmọ dáadáa. Mo gbọ́ tirẹ̀. Mo ní òun ni mo ṣẹ̀, ohun tó bá ní kí n ṣe ni n ó ṣe.

N bá dákẹ́ títí n ó fi kú. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Ràímì fúnra rẹ̀ wá sílé mi. Mọ́gàjí, olórí ilé wọn, ti kú, wọ́n sì fẹ́ fi ẹlòmíràn jẹ. Ó gbé obì wá síwájú mi láti gbà mí sí òde ìwúyè. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀, bí onírárà bá ti gba obì òde, ó ti ṣèlérí nìyẹn, àfi ikú ni kò ní jẹ́ kó dé ibẹ̀.

Mo ní, "O kú orí ire o, Ràímì. Ìwọ lo fẹ́ jẹ ẹ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Rárá o, ìyá. Èmi ni ó kàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n Bàbá Bùráímọ̀ ni àgbà. Mo ti yọ̀ǹda fún wọn. Àwọn ni a fẹ́ fi jẹ. Rárà ìṣílé ọjọ́sí yẹn ni wọ́n ní ẹ gbọ́dọ̀ wá kì."

Ó ti fẹ́ jáde, ló bá tún yí padà. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ fún mi. Ó ní, "Ìyá Olóhùn, mi ò dúpẹ́ lọ́wọ́ yín rí. Bí kì í bá ṣe ti ẹnu yín, mi ò bá ti fẹ́ àbúrò mi láìmọ̀. Ẹ yọ mí nínú ẹ̀ṣẹ̀ ńlá."

Mo ní kó dìde. Mo ṣàdúrà fún un. Mo gba obì náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní kí ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run, èmi fúnra mi ń bẹ̀ ẹ́. Ìmọ̀ràn ni mo fẹ́. Sàlámọ̀tù ní kí n dákẹ́ nítorí bàbá rẹ̀, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti yọ̀ǹda ohun tó jẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n Ràímì kò yọ̀ǹda ohunkóhun. Ó kàn gbà mí gbọ́ ni. Ó fi ìyàwó sílẹ̀ nítorí ẹnu mi, ó tún fẹ́ fi oyè sílẹ̀ nítorí ẹnu mi, ó sì ń dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́. Arúgbó Bẹ́ẹ̀rẹ̀ yẹn ńkọ́, tó ti fi aṣọ tí yóò wọ̀ lọ́jọ́ náà han gbogbo àdúgbò? Bí mo bá gba bàbá rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, ọwọ́ mi ni yóò kú sí.

Ẹ tètè kọ̀wé sí mi nínú ìwé ìròyìn yìí. Tíṣà yóò kà á fún mi. Lọ́jọ́ náà, n ó dìde, n ó ju ìborùn sí èjìká, gbogbo Àrẹ̀mọ yóò sì dákẹ́ dè mí. Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ta ni kí n pe Bùráímọ̀?